Tí Logon Script Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣiṣẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé, ilé ìwòsàn aládàáni àti ilé iṣẹ́ ní Ìkòròdú, láti Sábó dé Ìgbógbó, láti Ìjẹ̀dẹ̀ dé Odógúnyán, ló ń béèrè nǹkan wọ̀nyí léraléra. A kó wọn jọ síbí, èyí tó rọrùn ló ṣíwájú. Nínú àwọn àpẹẹrẹ, SAFA1 ni orúkọ sáfà, ISE ni fódà tí a pín lórí rẹ̀, S sì ni lẹ́tà dráìfù rẹ̀. Ẹ fi tiyín rọ́pò wọn.

Kí ni logon script, kí ló sì wà fún?

Fáìlì kékeré kan ni, àṣẹ ló kún inú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ti tẹ orúkọ àti password rẹ̀, tí sáfà sì ti dá a mọ̀, Windows á mú fáìlì yìí, á ka àṣẹ inú rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, á sì máa ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń gbé fún un ni pé kó so fódà orí sáfà mọ́ lẹ́tà dráìfù, kó so príńtà, kó sì tún aago ṣe. Èyí tó kéré jù tó sì wúlò kò ju ìlà mẹ́ta lọ:

`@echo off`
`net use S: /delete /y`
`net use S: \\SAFA1\ISE /persistent:no`

Ìlà kejì ń tú ohun tó bá ti wà lórí S tẹ́lẹ̀, ìkẹta ń so ó lákọ̀tun. `/persistent:no` ń sọ fún Windows pé kó má ṣe fi ìsopọ̀ náà pamọ́ di ọ̀la, nítorí script á tún so ó bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹ má fo ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ wàhálà tí ẹ ó kà nípa rẹ̀ nísàlẹ̀ ló ti ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ sílẹ̀ wá.

Níbo ni fáìlì náà wà? Mo wá a títí lórí kọ̀ǹpútà mi, n kò rí i.

Orí sáfà ló wà. Láti ayé Windows 2000 Server títí di òní, abẹ́ SYSVOL, fódà tí sáfà ń pín fún gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń darí, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ sì lè dé ibẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí nínú dóméènì yín (àwùjọ kọ̀ǹpútà tí sáfà náà ń darí): ẹ tẹ `\\SAFA1\NETLOGON` sínú Run, àpótí tó ń yọ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀. Bí fódà yẹn kò bá ṣí, ẹ má tíì wo ohun tí wọ́n kọ sínú script rárá. Ọ̀nà ló dí.

Nínú àkántì òṣìṣẹ́, lábẹ́ Profile, orúkọ fáìlì nìkan ni kí ẹ kọ, bíi `ise.bat`. Bí ẹ bá kọ `C:\` sí iwájú rẹ̀, orí dísíìkì òṣìṣẹ́ ni Windows á ti máa wá a, kò sì ní bá a níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Group Policy (ètò tí sáfà fi ń pàṣẹ fún gbogbo kọ̀ǹpútà dóméènì) ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀, inú Policies lábẹ́ SYSVOL ni ẹ ó ti rí i. Irú èyí kì í ṣí fèrèsé kankan nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má rò pé kò ṣiṣẹ́ torí pé ẹ kò rí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà.

Fèrèsé dúdú kan yọjú, ó sì parẹ́ kí n tó ka ohun tó wà níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà wọlé tán, kí ẹ ṣí cmd (fèrèsé dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí) láti Run, kí ẹ wá fi ọwọ́ yín tẹ `\\SAFA1\NETLOGON\ise.bat`. Báyìí, fèrèsé á dúró, ẹ ó sì rí nọ́ńbà tó tẹ̀lé "System error". Orúkọ òṣìṣẹ́ tó ní ìṣòro ni kí ẹ fi ṣe é. Bí ẹ bá fi Administrator dán an wò, gbogbo ilẹ̀kùn ló máa ṣí fún yín, ẹ kò sì ní rí ohun tó ń dí òṣìṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan ni àṣìṣe náà ń wáyé, ẹ fi `>> "%TEMP%\iwole.txt" 2>&1` kún ìparí ìlà `net use`. Gbogbo èsì, títí kan ti àṣìṣe, á wọ inú fáìlì yẹn, ẹ ó sì kà á nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí, bíi 53, ẹ tẹ `net helpmsg 53`, Windows á sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. "Kò ṣiṣẹ́" kò lè ran ẹni tí ẹ pè lọ́wọ́.

Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí a fọ́máàtì rẹ̀. Ṣé kí a gbà fún un?

Ẹ má gbà. Script kò sí lórí kọ̀ǹpútà náà, nítorí náà bí ẹ bá fọ́máàtì rẹ̀, script kò ní yí padà. Ohun tó máa lọ ni èsì ìdánwò tí olùkọ́ kó sórí ojú kọ̀ǹpútà láti oṣù mélòó kan, àti káàdì aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kò tíì kó sórí sáfà. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n, ó sì máa ń dùn wá gan-an bí wọ́n bá ṣòfò nítorí nọ́ńbà kan tí ẹnikẹ́ni kò kà.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n fọ́máàtì tún ní wàhálà tirẹ̀: dráífà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣòro láti rí, ẹ ó sì tún ní láti dá a padà sínú dóméènì. Ẹ ní kí ọ̀gá náà kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà àṣìṣe náà fún yín.

System error 53. Kí ló fà á?

Kọ̀ǹpútà ń sọ pé òun kò rí ọ̀nà dé SAFA1. Ọ̀rọ̀ kò tíì kan password rárá. Ẹ kọ́kọ́ wo iná kékeré tó wà níbi tí wáyà ti wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, bóyá ó ń tàn. Ike tó di orí wáyà mú máa ń ṣẹ́ bí ó bá ti pẹ́, wáyà á wà ní àyè rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n kò ní kan ara mọ́. Ẹni tó ń gbálẹ̀ lè fi ìgbálẹ̀ kàn án lásán kó sì tú.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `ipconfig`. Àdírẹ́sì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà náà kò rí ẹni tó fún un ní àdírẹ́sì, ló bá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Switch (àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà pàdé sí) tàbí DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́sì) ni kí ẹ lọ wò.

Bí àdírẹ́sì bá dára, ẹ fi nọ́ńbà sáfà wọlé láti Run, bíi `\\192.168.1.10`, kí ẹ tó fi orúkọ dán an wò. Bí nọ́ńbà bá ṣí tí orúkọ kò ṣí, ìdáhùn lórí DNS (ètò tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà àdírẹ́sì) tó wà nísàlẹ̀ ni tiyín. Bí méjèèjì kò bá ṣí nígbà tí kọ̀ǹpútà mìíràn ń wọ sáfà náà dáadáa, ẹ wo firewall (ètò tó ń ṣọ́ ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti ẹnu ọ̀nà (port) 445. Bí méjèèjì bá ṣí, ẹ padà sínú script lọ wo ìlà náà: wọ́n lè ti kọ ìlà wíwọ́ (`\`) kan ṣoṣo dípò méjì, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ bíi ti àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì, `//SAFA1`.

Error 67 jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sàn díẹ̀: sáfà ti hàn, orúkọ fódà ni kò sí lórí rẹ̀.

Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá mú iná dé, kọ̀ǹpútà kan á ní dráìfù S, èkejì kò ní ní i. Kí ló dé?

Kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ ń tètè jí ju sáfà lọ ni. Iná dé, gbogbo wọn tàn pọ̀. Òṣìṣẹ́ tẹ password rẹ̀, Windows kò rí sáfà, ó bá wo ohun tó ti fi pamọ́ láti ìwọlé àtẹ̀yìnwá, ó sì jẹ́ kó wọlé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò náà padà, Windows XP, 7 àti 10 lè rántí ìwọlé 10 báyìí. Òṣìṣẹ́ á rò pé òun ti wọ dóméènì, bẹ́ẹ̀ sì ni sáfà ṣì ń jí lọ́wọ́, script kò sì rí ibi gbà dé. Ẹni tó dúró jẹun kó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló máa ní dráìfù S.

Ojútùú kíákíá ni kí òṣìṣẹ́ jáde pẹ̀lú Log off, kó sì tún wọlé nígbà tí `\\SAFA1\NETLOGON` bá ti ń ṣí. Èyí tó máa pẹ́ ni pé kí ẹ gbé sáfà, switch àti ráútà sórí UPS tàbí ínfátà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sáfà tó wà lórí UPS nígbà tí switch wà lórí iná ìjọba kò sàn ju sáfà tó kú lọ. Nínú BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀), ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa AC Power Loss sí: ti sáfà, kí ó máa tàn fúnra rẹ̀ bí iná bá dé, ti òṣìṣẹ́, kí ó dúró ní kíkú títí ẹnìkan á fi tẹ̀ ẹ́.

Nínú Group Policy, lábẹ́ Computer Configuration, Administrative Templates, System, Logon, ẹ tan "Always wait for the network at computer startup and logon". Láti ìgbà Windows XP Professional ni Windows ti ń sáré fi ojú kọ̀ǹpútà han òṣìṣẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ní sẹpẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnìkan ní script tuntun, ó lè wọlé lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó hàn.

Bí gbogbo kọ̀ǹpútà bá pàdánù S lẹ́yìn tí iná já lójijì, ẹ lọ sórí sáfà, ẹ tẹ `net share`. Bí SYSVOL àti NETLOGON kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ náà, ẹ fi àwọn kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Lórí sáfà 2003 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà 13568 nínú Event Viewer, lábẹ́ File Replication Service. Ó ń sọ pé ìwé tí sáfà fi ń tọ́pa fáìlì SYSVOL ti dàrú, àlàyé ohun tí ẹ ó ṣe sì wà nínú ìkìlọ̀ náà gan-an. Ẹ ṣe àdàkọ SYSVOL kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

A ra ráútà tuntun kí íntánẹ́ẹ̀tì lè yára, láti ìgbà náà ni script ti dákẹ́. Kí ni ráútà fi kàn án?

DNS ni. Ráútà ń pín àdírẹ́sì fún àwọn kọ̀ǹpútà, ó sì ń sọ fún wọn pé òun fúnra rẹ̀, tàbí 8.8.8.8, ni kí wọ́n máa bi léèrè ibi tí orúkọ wà. Ẹni tó bá bi 8.8.8.8 nípa dóméènì yín dà bí ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀búté tó ń bi àjèjì pé yàrá wo ni ìyá òun ń sùn. Google mọ ayé, kò mọ SAFA1.

Ẹ tẹ `ipconfig /all`, kí ẹ wo ìlà DNS Servers. Àdírẹ́sì sáfà dóméènì nìkan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má fi 8.8.8.8 ṣe ìkejì nítorí pé ẹ fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì máa lọ bí sáfà bá kú, torí Windows lè yí sí ìkejì yẹn, kó sì dúró tì í. Orí sáfà, nínú ètò DNS rẹ̀, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Forwarders, ni kí ẹ ti kọ 8.8.8.8. Ẹ pa DHCP orí ráútà, kí ti sáfà nìkan máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, `ipconfig /flushdns` lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

Aago kọ̀ǹpútà mi kì í tọ̀nà. Ṣé ó lè dí script lọ́wọ́?

Ó lè dí i pátápátá. Kerberos, tí dóméènì fi ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀, kì í gbà kí aago kọ̀ǹpútà fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ sí ti sáfà, àfi bí ẹnìkan bá yí ètò náà padà. Error 1398 ni yóò sọ ọ́ ní gbangba, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ohun tí ẹ ó rí ni pé ó kàn ń béèrè password léraléra.

Bí aago bá ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá yọ wáyà iná, bátìrì pẹlẹbẹ orí bọ́ọ̀dù ti kú. CR2032 ni lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ dẹskitọ́ọ̀pù, fólítì 3, àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe sì ń tà á. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tún ọjọ́ ṣe nínú BIOS. Lẹ́yìn náà, `net time \\SAFA1 /set /yes`.

Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣì gbà pé Lọ́ńdọ̀nù lòun wà. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù October títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù March, aago tiwọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Òṣìṣẹ́ á rí i pé kò tọ̀nà, á fi ọwọ́ tún un ṣe, aago á wá bá ti ara ògiri mu. Ṣùgbọ́n aago àgbáyé ni Kerberos ń wò lábẹ́, èyí sì ti fi wákàtí kan yà. Bí oṣù March bá parí, aago á tún fo wákàtí kan síwájú, òṣìṣẹ́ á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo rẹ̀ á sì dára, wọ́n á ní script ń ṣe bó ṣe wù ú. Ẹ yí ibi tí ó wà padà sí West Central Africa, UTC+01:00, kí ẹ tó fọwọ́ kan aago. Ẹ yẹ èyí wò lórí gbogbo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní ọjọ́ tó bá dé, kó tó wọ dóméènì.

System error 85: wọ́n ní lẹ́tà náà ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà wá. Àkọ́kọ́ ni ìsopọ̀ àná tí Windows fi pamọ́, `net use S: /delete /y` á sì tú u. Ìkejì ni fláàṣì tàbí ojú ihò káàdì kámẹ́rà tó wà níwájú dẹskitọ́ọ̀pù àtijọ́. Àwọn ihò yẹn nìkan lè gba E, F, G àti H kí òṣìṣẹ́ tó wọlé, yálà káàdì wà nínú wọn tàbí kò sí.

Nítorí náà, ẹ má fi lẹ́tà tó wà níwájú so fódà sáfà. Láti P lọ sókè ni kí ẹ ti mú. Lórí Windows XP, òdìkejì rẹ̀ tún máa ń ṣẹlẹ̀: fláàṣì á bọ́ sórí lẹ́tà tí sáfà ti gbà, òṣìṣẹ́ á ní fláàṣì òun ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Disk Management ni kí ẹ ti fún un ní lẹ́tà mìíràn.

Error 5 àti error 1326 ńkọ́?

1326: orúkọ tàbí password kò tọ̀nà. 5: wọ́n mọ̀ yín, ṣùgbọ́n wọn kò fún yín láyè. Fún 5, ẹ rántí pé ìyọ̀ǹda méjì ló wà lórí fódà, ti Sharing àti ti Security, èyí tó le jù nínú méjèèjì ló sì ń ṣẹ́gun.

Error 1219 ń yọ lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí gbogbo ènìyàn yòókù kò ní ìṣòro.

Kọ̀ǹpútà náà ti ń bá SAFA1 sọ̀rọ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹnìkan, script wá fẹ́ wọlé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Windows kì í gba orúkọ méjì lọ́dọ̀ sáfà kan náà ní ìwọlé kan. Bí ó ṣe sábà máa ń rí ni pé ẹnìkan ti fi password ọ̀gá ṣí fódà kan tẹ́lẹ̀, ó sì tẹ ibi tí wọ́n ní kó máa rántí.

Ẹ tẹ `net use` nìkan, ẹ ó rí ohun tó so mọ́ ọn. `net use * /delete /y` á tú gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, `rundll32 keymgr.dll,KRShowKeyMgr` á ṣí àpótí tí Windows ń kó password sí. Ẹ yọ ti SAFA1 kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ọ̀la ló tún ń bọ̀.

Mo da script kọ láti WhatsApp, lẹ́tà fún lẹ́tà, síbẹ̀ ó ní òun kò mọ àṣẹ náà.

Ẹ wo àmì àyọlò rẹ̀ dáadáa. Kíbọ́ọ̀dù fóònù àti Word máa ń sọ àmì gbọnrangandan di èyí tó tẹ̀, wọ́n sì ń so ìlà kékeré méjì pọ̀ di gígùn kan. Ojú wa kò kà á sí, ṣùgbọ́n cmd kò mọ̀ ọ́n. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́ nínú Notepad.

Bí àmì àjèjì bá yọ níwájú `@echo`, bíi `ï»¿`, ọ̀nà tí wọ́n gbà fi fáìlì pamọ́ ni. Ẹ tún un fi pamọ́ pẹ̀lú Encoding ANSI, kí ẹ sì yan All Files, kí orúkọ rẹ̀ má baà di `ise.bat.txt`, tí Windows á fi ìparí rẹ̀ pamọ́ fún yín.

Ìdí kan náà ni a ò ṣe kọ ISE pẹ̀lú àmì lábẹ́ rẹ̀. A fẹ́ràn kí a kọ Yorùbá bó ṣe yẹ, a sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ANSI tí fáìlì `.bat` àtijọ́ ń lò kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ nínú, á sọ wọ́n di àmì ìbéèrè tàbí lẹ́tà mìíràn. Ẹ kọ orúkọ fódà tí ẹ ń pín láìlámì, kí ẹ sì kọ fáìlì tó wà nínú rẹ̀ bó bá ṣe wù yín.

"UNC paths are not supported. Defaulting to Windows directory." Ṣé ó burú?

UNC ni wọ́n ń pe àdírẹ́sì bíi `\\SAFA1\ISE`. Kò burú bí script yín bá ń kọ àdírẹ́sì pípé. Ó burú bí ó bá ń pe fáìlì mìíràn pẹ̀lú orúkọ lásán, nítorí inú fódà Windows ló ti máa wá a báyìí. Ẹ fi `pushd "%~dp0"` sí òkè, kí ẹ sì fi `popd` sí ìparí. `pushd` á yá lẹ́tà kan láti Z wá sí ìsàlẹ̀, `popd` á sì dá a padà.

Script kan náà yára lórí Windows 7, ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà tuntun, a ń dúró kí S tó yọ.

Ṣé ìdúró náà tó ìṣẹ́jú 5? Windows ló dá a sílẹ̀. Láti Windows 8.1, wọ́n ń dá logon script tó bá ti ọ̀dọ̀ Group Policy wá dúró fún ìṣẹ́jú 5, kí ojú kọ̀ǹpútà lè tètè hàn. Nínú Computer Configuration, Administrative Templates, System, Group Policy, ẹ ṣí "Configure Logon Script Delay", kí ẹ fi 0 síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà wa jẹ́ Windows Home. Báwo ni a ṣe máa fún un ní logon script?

Windows Home kì í wọ dóméènì, nítorí náà sáfà kò lè rán script sí i. Ẹ kọ `.bat` náà sórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kí ẹ fi shortcut rẹ̀ sínú Startup. Ẹ má kọ password sínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i ló máa kà á.

Script wa jẹ́ `.vbs`. Wọ́n ní Windows Script Host, tó ń ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ti di títì.

Ẹnìkan ló tì í, ó sì lè ní ìdí: kòkòrò orí fláàṣì tó jẹ́ `.vbs` ti da ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káfẹ́ rú. Nínú registry (ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí, `regedit` ló ń ṣí i), lábẹ́ `HKLM\Software\Microsoft\Windows Script Host\Settings`, nọ́ńbà Enabled á jẹ́ 0. Ẹ lè sọ ọ́ di 1, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ tún script náà kọ ní `.bat` tàbí PowerShell. Microsoft ti kéde ní October 2023 pé àwọn máa yọ VBScript kúrò nínú Windows bó bá yá.

"The trust relationship between this workstation and the primary domain failed." Ẹ gbà wá o.

Kọ̀ǹpútà náà ní password tirẹ̀ lọ́dọ̀ dóméènì, yàtọ̀ sí ti òṣìṣẹ́, ó sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 30-30. Bí ẹ bá fi System Restore dá a padà sẹ́yìn, tàbí tí káfẹ́ yín ń lo sọ́fítíwíà tó ń sọ kọ̀ǹpútà di bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ní gbogbo àárọ̀, á padà sí password àtijọ́, sáfà kò sì ní dá a mọ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà méjì tí wọ́n fún ní orúkọ kan náà nínú dóméènì tún máa ń fà á.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ mọ password Administrator ti kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò nínú dóméènì láìmọ̀ ọ́n ti ti ara rẹ̀ mọ́ ìta. Lẹ́yìn náà, ẹ wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ẹ gbé kọ̀ǹpútà sí Workgroup, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì dá a padà sínú dóméènì. Fáìlì òṣìṣẹ́ kò ní lọ, ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Lórí Windows 10, `Test-ComputerSecureChannel -Repair` nínú PowerShell lè tún un ṣe láìyọ ọ́ rárá.

Script ń so príńtà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè Administrator, òmíràn sì ń mú 0x0000011b wá.

Lẹ́yìn àléébù tí wọ́n ń pè ní PrintNightmare ní July 2021, Microsoft ṣe é ní August ọdún náà pé ẹni tí kì í ṣe Administrator kò lè gbé dráífà príńtà wọlé láti orí sáfà mọ́. Ẹ gbé dráífà sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ Administrator, script á tún lè máa so príńtà náà.

0x0000011b máa ń yọ bí sáfà bá ti gba àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kò sì tíì gbà á. Ẹ ṣe àtúnṣe kọ̀ǹpútà náà. Àwọn kan á ní kí ẹ fi `RpcAuthnLevelPrivacyEnabled` sí 0 lórí sáfà. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì. Bí kọ̀ǹpútà kò bá lè gba àtúnṣe mọ́, ẹ so ó mọ́ príńtà tààrà nípasẹ̀ àdírẹ́sì IP rẹ̀, kí ó má gba ọ̀dọ̀ sáfà kọjá.

S wà nínú My Computer, ṣùgbọ́n ètò ìṣirò owó wa ní òun kò rí i.

Ṣé "Run as administrator" ni ẹ fi ń ṣí ètò náà? Láti Windows Vista, ẹni tó jẹ́ Administrator ń ní ìwọlé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti lásán àti ti alágbára, script sì so S mọ́ ti lásán nìkan. Ní `HKLM\SOFTWARE\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Policies\System`, nínú registry, ẹ dá DWORD (àyè fún nọ́ńbà) kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ `EnableLinkedConnections`, ẹ fi 1 síbẹ̀, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ wá ìdí tí ètò ìṣirò owó fi ń béèrè agbára Administrator.

Ẹ̀rọ ńlá kan ní ilé iṣẹ́ wa ń lo Windows XP, a kò lè pààrọ̀ rẹ̀. A gbé sáfà tuntun wá, XP náà kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Kí ni kí a ṣe?

Ìbéèrè yìí ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Odógúnyán wá jù, nítorí pé kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ lè pẹ́ ju gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lọ. SMB1 nìkan ni XP mọ̀ láti fi bá sáfà sọ̀rọ̀ nípa fáìlì. Vista àti Server 2008 ló kọ́kọ́ mọ SMB2. Láti ẹ̀dà 1709 ní ọdún 2017, Windows 10 àti Windows Server kì í sábà gbé SMB1 wá mọ́, Samba, ètò tí Linux fi ń pín fáìlì fún Windows, náà sì pa á láti ẹ̀dà 4.11 ní ọdún 2019. Lórí XP, error 64 ni ẹ ó sábà rí. Bí Windows 10 bá fẹ́ wọ XP, yóò sọ fún yín pé fódà náà ń béèrè SMB1.

Wọ́n á ní kí ẹ kàn tan SMB1 lórí sáfà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí sáfà tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń lò. Ara SMB1 ni WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, gbà wọlé ní May 2017, tó ti fáìlì ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ pa káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ sì ni Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti March ọdún náà. Àtìlẹ́yìn fún XP sì ti parí láti ọjọ́ 8 April 2014.

Ẹ wá kọ̀ǹpútà kékeré kan, tòkunbọ̀ náà tó o, kí ẹ gbé Linux àti Samba sórí rẹ̀, kí ó ní káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì. Wáyà kan lọ sọ́dọ̀ XP nìkan, èkejì lọ sọ́dọ̀ ọ́fíìsì. Nínú `smb.conf`, ẹ kọ `server min protocol = NT1`, kí ẹ fi `interfaces` àti `bind interfaces only = yes` há Samba mọ́ káàdì ti XP. Bí XP náà ṣe wà, kò gbọ́dọ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ki fláàṣì bọ̀ ọ́ láìkọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ̀ǹpútà Linux náà á máa kó fáìlì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì pẹ̀lú `cron`, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí ẹ bá yàn, ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra. Lórí XP, script ìlà mẹ́ta tó wà lókè ojú ewé yìí ṣì máa ṣiṣẹ́. Orúkọ sáfà nìkan ni ẹ ó yí padà, kí ẹ sì fi í sínú Startup rẹ̀, torí kò ní sí nínú dóméènì mọ́.